Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Ń Là, Iwájú Ni Àrùn Wà

Láàárín ọdún 1978 sí 2005, ìmọ̀ ìṣègùn yí ohùn padà pátápátá lórí ọ̀rọ̀ kan. Ní 1978, àwọn dókítà ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial ní New York kọ̀wé pé bí jẹjẹrẹ bá ti inú eegun ẹ̀yìn yọ, tó sì tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò sàn ju ẹni tí wọ́n kàn tan ìtànṣán sí lára lọ. Ní 2005, ìwé ìròyìn Lancet gbé ìwádìí mìíràn jáde, èyí tó fi hàn pé iṣẹ́ abẹ ló ń mú ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lóréfèé lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí àwọn dókítà bú lánàá ni wọ́n ń kan sáárá sí lónìí. Èrò tèmi ni pé òótọ́ ni ìwádìí méjèèjì sọ, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ń sọ. Èyí tí wọ́n dá lẹ́bi ní 1978 gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì fi kókó jẹjẹrẹ sílẹ̀ níwájú. Èyí tó jàre ní 2005 lọ bá kókó náà níbi tó lúgọ sí. Ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló gba àwọn oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó rin ìrìn tí kò ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ nínú ara èèyàn, láti ẹ̀yìn okùn bọ́ sí iwájú rẹ̀. Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká wò.

Eegun kéékèèké tó to lé ara wọn ló di ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní apá méjì. Apá iwájú, èyí tó kọjú sí àyà àti ikùn, jẹ́ eegun tó ki, òun ló ń gbé ìwúwo ara. Apá ẹ̀yìn, èyí tí ọwọ́ ń bà bí a bá fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹni, jẹ́ eegun pẹlẹbẹ tó tẹ̀ kọrọdọ. Ihò wà láàárín méjèèjì, inú ihò yẹn sì ni okùn gbà láti ọpọlọ wá sí ìbàdí. Okùn yìí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, síbẹ̀ òun ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ bá ẹsẹ̀, òun náà ló ń gbé ìmọ̀lára ẹsẹ̀ padà wá. Jẹjẹrẹ ọmú, ti prósíteètì àti ti ẹ̀dọ̀fóró wà lára àwọn tó sábà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn wá sínú eegun wọ̀nyí, apá iwájú tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń bà sí. Ìrora ló máa ń ṣáájú: ẹ̀yìn á máa dun èèyàn, kò ní gbọ́ oògùn, á tún máa le sí i bí onítọ̀hún bá dùbúlẹ̀ lóru. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà fún oṣù. Lẹ́yìn náà, kókó á máa dàgbà láti iwájú bọ̀ sẹ́yìn, á máa ti okùn náà. Àwọn iṣan tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀ á fún pọ̀, okùn á wú, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní rí ọ̀nà wọlé dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, orúnkún á máa yẹ̀, ìtọ̀ á há. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn á di ẹni tí wọ́n ń gbé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ni àṣà lílà ẹ̀yìn ti lókìkí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1887, ní ilé ìwòsàn tó wà ní Queen Square nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé ọ̀gágun kan ẹni ọdún 42 sórí tábìlì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń jẹ̀rora, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú. Kò sí ẹ́síréè láyé nígbà náà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni Röntgen ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìtànṣán rẹ̀. William Gowers, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó mọ àrùn okùn ọ̀pá ẹ̀yìn jù lọ láyé ìgbà náà, ló fi ibi tí ìrora ń gbà àti ibi tí ara ti kú dé ṣírò ibi tí kókó yóò wà. Victor Horsley, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún, ló mú ọ̀bẹ. Ó gé eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn kúrò, ó wo inú, kò rí nǹkan kan. Wọ́n tún gé sí i lọ sókè, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a: kókó kékeré kan tó wà nínú awọ tó wé okùn, tó ti tẹ okùn náà wọnú. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n yọ ọ́, ọ̀gágun náà sì padà rìn. Ìròyìn náà jáde ní 1888, ó sì káàkiri àgbáyé.

Wọn kò parọ́ bí wọ́n bá yin Horsley. Ṣùgbọ́n mo rò pé inú àṣeyọrí yẹn gan-an ni àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ti hù. Iṣẹ́ abẹ tí Horsley ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní laminectomy, bá àrùn tó wà níwájú rẹ̀ mu wẹ́kú. Kókó ọ̀hún kò ti inú eegun wá, eegun aláìsàn náà dá ṣáṣá, kókó sì ṣeé mú jáde láti ẹ̀yìn láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ jogún ọ̀nà náà, wọ́n sì ń gbà á lọ sídìí àrùn mìíràn tó jẹ́ pé ìpalára kan náà ló fi jọ ti ọ̀gágun yẹn. Ẹsẹ̀ kú níbí, ẹsẹ̀ kú lọ́hùn-ún. Wọ́n wá gbà pé ohun tó wo tibí yóò wo tọ̀hún. Nígbà tí Sicard àti Forestier rí i ní Paris, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, pé èèyàn lè fa òróró kan sínú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn kó sì hàn nínú ẹ́síréè, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń fi bi àwòrán náà ni pé eegun kelòó ni òróró dúró sí. Ìyẹn ló ń sọ ibi tí ọ̀bẹ yóò bà sí lẹ́yìn aláìsàn. Iwájú àbí ẹ̀yìn okùn ni kókó wà? Ìbéèrè yẹn kò jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀.

Ó ṣòro láti sọ pé kò sí ẹ̀rí nílẹ̀. Ní 1889, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìròyìn Horsley jáde, Stephen Paget yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò, ó sì rí i pé kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti wù ú ni jẹjẹrẹ ń lọ: ó ní àwọn ẹ̀yà ara tó fẹ́ràn, eegun sì wà lára wọn. Òun ló fi í wé irúgbìn tó ń wá ilẹ̀ tó bá a lára mu. Ní 1925, William Spiller, nílùú Philadelphia, kọ̀wé nípa àwọn tí jẹjẹrẹ sọ ẹsẹ̀ wọn di òkú lójijì. Ní 1940, Oscar Batson, nílùú kan náà, fa oògùn tó ń hàn nínú ẹ́síréè sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn okó òkú, ó sì rí i tó gba abẹ́ ìbàdí wọnú àwọn iṣan tó yí eegun ẹ̀yìn ká. Àwọn iṣan yẹn kò ní ìlẹ̀kùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà bíi ti àwọn iṣan ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí èèyàn bá wúkọ́, tó gbé ẹrù, tàbí tó fún ara rẹ̀ níbi ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn, kó sì gbé jẹjẹrẹ prósíteètì wọnú eegun ìbàdí láìkan ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ẹni tó bá ka àwọn ìwé mẹ́ta yìí pọ̀ á mọ̀ pé inú eegun ni àrùn ń gbé, pé okùn kàn jẹ́ aládùúgbò tó fara gbá a ni.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń là. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún aláìsàn. Ikán ti jẹ òpó iwájú ilé rẹ̀ tán, òpó ẹ̀yìn ló kù tó ń gbé òrùlé dúró, káfíńtà wá dé, ó yọ òpó ẹ̀yìn. Eegun iwájú tí jẹjẹrẹ ti sọ di jákujàku kò lè dá ìwúwo ara gbé. Bí wọ́n bá ti gé eegun ẹ̀yìn kúrò, ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀ síwájú, eegun tó fọ́ á sì gún okùn tí wọ́n ní àwọn ń gbà sílẹ̀. Kókó fúnra rẹ̀ wà níbi tó wà. Oníṣẹ́ abẹ kò lè fà á yọ láìti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn tí wọ́n bá sì tì nírú ipò bẹ́ẹ̀ kì í sábà jí mọ́. Ojú ọgbẹ́ tí wọ́n là ló tún máa gba ìtànṣán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sì rọrùn kí irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ san. Nígbà tí Findlay, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ìròyìn iṣẹ́ ọdún pípẹ́ jọ ní 1984, ohun tó rí ni pé laminectomy ń pa àwọn kan lára sí i, pàápàá àwọn tí eegun iwájú wọn ti wó.

Ìgbà yẹn ni ìtànṣán ti gba ipò. Láti 1951, tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kóbáltì tọ́jú aláìsàn ní Kánádà, ìtànṣán tó lágbára lè wọ inú ara lọ títí dé eegun láìjó awọ ara jù. Kò sí pé wọ́n ń la ẹnì kankan, aláìsàn kàn máa dùbúlẹ̀ ni. Ìwé tí Gilbert, Kim àti Posner kọ ní 1978 ka àwọn aláìsàn 235. Nínú àwọn tí wọ́n là lẹ́yìn tí wọ́n sì tún tan ìtànṣán sí, 46 nínú 100 ló rìn. Nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, 49 nínú 100 ló rìn. Ní 1980, Young àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kèké pín àwọn aláìsàn 29 sí ọ̀nà méjèèjì, wọn kò rí ìyàtọ̀. Aláìsàn 29 kéré jọjọ láti fi dá ẹjọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí méjèèjì fẹnu kò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ la ẹni tó ń kú lọ bí ẹ̀rọ bá lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn ni pé bí jẹjẹrẹ bá tẹ okùn, kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn dexamethasone tí yóò fa wíwú okùn wálẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn onítànṣán. Kí oníṣẹ́ abẹ jókòó sílé.

Ibí yìí ni mo ti ní ẹjọ́ bá wọn rò. Ìṣirò wọn péye, ìdájọ́ tí wọ́n fà yọ ló fẹ̀ jù. Ìwádìí kò lè sọ ju ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lọ. Laminectomy ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ohun tó sì jáde ni pé laminectomy kò fi nǹkan kan kún ìtànṣán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu àwọn olùkọ́ àti inú ìwé ẹ̀kọ́, ó ti di pé iṣẹ́ abẹ kò wúlò. Láàárín gbólóhùn méjèèjì ni àwọn aláìsàn ogún ọdún ṣubú sí. Ẹni tó bá gbèjà àwọn dókítà ìgbà yẹn lè béèrè pé iṣẹ́ abẹ wo ló tún wà nígbà náà yàtọ̀ sí laminectomy. Ó wà, kò sì pa mọ́ sínú àpótí ẹnikẹ́ni.

Ní 1956, Arthur Hodgson àti Francis Stock kọ̀wé láti Hong Kong nípa ikọ́ ife tó bọ́ sínú eegun ẹ̀yìn. Àrùn yìí, tó máa ń sọ ọmọdé di abuké, pọ̀ nílùú náà nígbà yẹn, láàárín èrò tó ya wọ ibẹ̀ láti Ṣáínà. Ikọ́ ife náà, iwájú eegun ló máa ń jẹ, òun náà sì máa ń tẹ okùn. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti fi ojú ara wọn rí i tipẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá la ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí i. Hodgson gba ẹ̀gbẹ́ àyà wọlé, ó ti ẹ̀dọ̀fóró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kó gbogbo eegun tó ti jẹrà àti ọyún kúrò títí tó fi rí awọ tó wé okùn, ó wá fi eegun mìíràn tó gé lára aláìsàn náà dí àlàfo tó ṣẹ́ kù. Gbogbo ohun tí ẹni tó ní jẹjẹrẹ nílò ló wà nínú iṣẹ́ yẹn: gba ibi tí àrùn wà wọlé, mú àrùn kúrò, fi òpó mìíràn rọ́pò. Ọ̀nà kan ò wọjà, ọ̀nà kejì sì ti wà nílẹ̀ láti 1956. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ eegun ni Hodgson, ikọ́ ife ló sì ń tọ́jú. Àwọn tó ń rí alárùn jẹjẹrẹ jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ìwé tí ẹgbẹ́ kan ń kà kì í ṣe èyí tí ẹgbẹ́ kejì ń kà. Bí ìmọ̀ ṣe ń pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka lè jẹ́ ìdí tó tóbi ju àìnírinṣẹ́ lọ.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kò ṣe kókó. Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń wí ni pé, ká ní wọ́n tiẹ̀ ka ìwé Hodgson, kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Òótọ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Eegun tí wọ́n gbìn ń gba oṣù mélòó kan kó tó mú. Ọmọ tó ní ikọ́ ife lè dùbúlẹ̀ dúró dè é, ogójì ọdún ṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti tàn kálẹ̀ nínú ara rẹ̀ lè má ní ju oṣù mélòó kan yẹn lọ láyé, ìtànṣán tí yóò gbà yóò sì tún dí eegun tí wọ́n gbìn lọ́wọ́ láti mú. Ohun tó nílò ni òpó tó lè dúró lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kúrò lórí tábìlì. Sìmẹ́ńtì eegun ló dá a lóhùn, èyí tí John Charnley ti ń fi mú ìgbáròkó àtọwọ́dá dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí àwọn ọdún 1950. Ọ̀pá irin náà dá sí i: Paul Harrington ní Houston ṣe tirẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wọ́ ẹ̀yìn wọn, Raymond Roy-Camille ní Paris sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi síkúrù dè é mọ́ eegun láti 1963. Nígbà tí Kevin Harrington ní San Francisco (òun àti Paul kì í ṣe ẹnì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra) wá kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1981 àti 1984, ohun tó ṣe ni pé ó gba iwájú wọlé bíi Hodgson, ó kó kókó jẹjẹrẹ kúrò, ó sì fi irin àti sìmẹ́ńtì dí àlàfo. Sundaresan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti àwọn méjì tó ń jẹ́ Siegal ní Ísírẹ́lì, gbé irú ìròyìn kan náà jáde ní 1985. Ẹ wo ọjọ́ orí àwọn irinṣẹ́ náà, sìmẹ́ńtì, ọ̀pá irin àti síkúrù: gbogbo wọn ti wà ṣáájú 1970. Àìnírinṣẹ́ lè ṣàlàyé ìdádúró títí di nǹkan bí ọdún yẹn. Kò lè ṣàlàyé èyí tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó tẹ̀ lé e gùn. Ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ìròyìn ẹni tó fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ kì í tó ẹlòmíràn gbọ́, onítànṣán ṣì ní ìwé 1980 lọ́wọ́. Ní 1992, Roy Patchell ní yunifásítì Kentucky bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn méje ló kópa. Wọ́n ń fi kèké pín aláìsàn: àwọn kan gba ìtànṣán nìkan, ìwọ̀n 30 Gy tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́wàá, àwọn kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún láàárín wákàtí 24, kí wọ́n tó gba ìwọ̀n ìtànṣán kan náà. Òfin tí wọ́n fún oníṣẹ́ abẹ kò sọ pé kó gba ibí tàbí ọ̀hún. Ohun tó sọ ni pé kó tú okùn sílẹ̀ yí po, kó gba ibi tí kókó wà, kó sì to eegun padà bó bá ti wó. Gbólóhùn kékeré yẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1980 àti ìgbà yìí. Aláìsàn 200 ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ka 101, àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró, torí ìyàtọ̀ ti hàn kọjá ohun tí wọ́n lè gbójú fò. Nínú 50 tó gba iṣẹ́ abẹ, 42 ló lè rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú 51 tó gba ìtànṣán nìkan, 29 ni. Àwọn 32 kan wà tí wọn kò lè rìn rárá nígbà tí wọ́n dé, 16 lọ́tùn-ún, 16 lósì. Mẹ́wàá nínú àwọn tó gba iṣẹ́ abẹ padà rìn, mẹ́ta péré nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan ló padà rìn.

Àwọn onítànṣán kò gbà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Wọ́n ní ọdún mẹ́wàá kí ilé ìwòsàn méje tó rí èèyàn 101 fi hàn pé ṣíṣà ni wọ́n ṣa àwọn aláìsàn náà. Lóòótọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú ju wákàtí 48 lọ kò lè wọlé, ẹni tí okùn rẹ̀ fún pọ̀ níbi méjì kò lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọn kò retí pé yóò lo oṣù mẹ́ta láyé. Wọ́n tún ní àwọn kan lára àwọn tó gba ìtànṣán nìkan ti ní eegun tó wó tẹ́lẹ̀, ìtànṣán kò sì lè gbé eegun tó wó dìde. Ní 2010, Rades àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì mú aláìsàn 108 tó gba iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán, wọ́n fi wọ́n wé 216 tó jọ wọ́n ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè kà àmọ́ tó gba ìtànṣán nìkan, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi. Ìtúpalẹ̀ kan tí wọ́n sì ṣe lórí àwọn aláìsàn Patchell fúnra wọn ní 2009 fi hàn pé bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni àǹfààní iṣẹ́ abẹ ń dín kù, tó fi jẹ́ pé kò hàn mọ́ lára àwọn tó ti lé ní 65. Mo gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí àríyànjiyàn náà dé. Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ wúlò tàbí kò wúlò. Ta ló wúlò fún ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, irú eegun wo, irú jẹjẹrẹ wo, ẹni ọdún mélòó. Àpẹẹrẹ ni ti eegun tó wó: bí àtakò yẹn bá fìdí múlẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé eegun tó wó nílò òpó, ohun tí laminectomy sì kọ̀ láti fún un nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àtakò mìíràn wà tí kì í ṣe ti onímọ̀, ẹnu ẹbí àti ẹnu ẹni tó ń sanwó ló ti ń jáde: irú ẹ̀mí wo ni wọ́n ń gbà là? Nínú ìwádìí Patchell, ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti kú kí ó tó kọjá ọjọ́ 126. Ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan jẹ́ ọjọ́ 100. Ọjọ́ 26 péré ni ìyàtọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ ńlá tó ń la àyà èèyàn. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ayé nìkan là ń kà, owó náà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn wà nínú ìwé kan náà tí mo rò pé òun ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ gbọ́: àwọn tó gba iṣẹ́ abẹ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn fún ọjọ́ 122 ní àárín gbùngbùn, àwọn tó gba ìtànṣán nìkan fún ọjọ́ 13. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rìn títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kejì lo èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù tó kù láyé wọn lórí ibùsùn tàbí lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú egbò ìdùbúlẹ̀ pẹ́, pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀, pẹ̀lú ẹni méjì tí yóò máa yí wọn padà lóru. Ẹni tó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan nílé kò ní í pe ìyàtọ̀ yìí ní kékeré. Láti fi mọ ẹni tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kéré jù fún ọ̀bẹ, Tokuhashi ní Japan ti gbé ìṣirò kan kalẹ̀ láti 1990, tó ń ka irú jẹjẹrẹ, iye ibi tó ti tàn dé àti bí ara ṣe le sí. Ìṣirò náà máa ń ṣìnà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó sàn ju fífojú díwọ̀n lọ.

Ohun tó wu mí jù nínú ìtàn yìí ni ibi tí ilé ìwòsàn Memorial bá a dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé 1978 tó lé oníṣẹ́ abẹ sílé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ tuntun. Ẹ̀rọ ìtànṣán ti mú sí i: ó lè pọ ìtànṣán tó lágbára gan-an lé kókó lórí láìkan ohun tó wà nítòsí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé bí kókó bá fara ti okùn, ìtànṣán tó lè pa kókó yóò pa okùn pẹ̀lú. Oníṣẹ́ abẹ wá di ẹni tó ń làjà. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ló tún ń gbà wọlé báyìí, kò fi dandan la àyà mọ́. Ó kọ́kọ́ fi síkúrù àti ọ̀pá irin de eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ kí ilé má wó, ó wá yípo okùn lọ síwájú, ó ya kókó kúrò lára rẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀, ó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìtànṣán. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ka aláìsàn 186 tí wọ́n ṣe é fún. Ẹnu ọ̀nà Horsley ni wọ́n tún gbà padà, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé, wọ́n sì ti fi nǹkan dí òpó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé UCH Ìbàdàn ní 1962, nígbà tí laminectomy ṣì ń jọba káàkiri ayé. Lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn máa ń kú ní agbègbè wa ni àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe láti Kampala ní 1958, èyí tó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Kókó yìí máa ń yọ́ lọ́wọ́ oògùn bíi cyclophosphamide, irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ sì ni Patchell yọ sílẹ̀ kúrò nínú ìwádìí rẹ̀, torí kò nílò ọ̀bẹ. Lára àwọn àgbà ọkùnrin, prósíteètì ló ṣáájú. Ìlànà tí àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 2008 ní kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ya àwòrán MRI gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn láàárín wákàtí 24, kí ẹni tí ìrora ẹ̀yìn nìkan ń ṣe ya tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń fi àgbo àti oògùn ìrora tọ́jú ẹ̀yìn dídùn fún oṣù pípẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà tí wọ́n bá sì dé, ẹ̀rọ MRI lè wà ní ìlú mìíràn, ẹ̀rọ ìtànṣán lè ti bàjẹ́, síkúrù àti irin ẹ̀yìn lè ju ohun tí ẹbí lè rà lọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ kan wà fún wọn tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹ̀yìn. Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Chicago fi hàn pé họ́mọ́ònù akọ ni jẹjẹrẹ prósíteètì ń jẹ, pé bí wọ́n bá yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì kúrò, kókó á sún kì, àní èyí tó ti wọ eegun. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1966. Kì í ṣe ohun tó rọrùn láti bá àgbàlagbà ọkùnrin sọ, àwọn kan sì máa ń kọ̀ ọ́ pátápátá. Fún ẹni tí kò tíì gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí, kò sí oògùn tó ń yára fa họ́mọ́ònù náà wálẹ̀ jù ú lọ ní pàtàkì: kò ju wákàtí mélòó kan lọ. Kò gbà ju oògùn tó ń pa ojú ibi kan lára àti nǹkan bí ìdajì wákàtí, dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ti kọ́ ọ sì lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí aláìsàn dé, kí wọ́n tó máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ya àwòrán.